Ilé Kékeré Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Gogoro: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Àbẹ̀wò sí Ṣọ́ọ̀ṣì Àwọn Ogunléndé Faransé ní Berlin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tí ẹ péjọ síbí, mo kí yín kú ìjókòó. Ohun tí àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni àbẹ̀wò sí ilé ìsìn àtijọ́ tí àwọn àjèjì kọ́, tí ìlú ńlá òde òní sì wá dàgbà yí ká. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé, mo sì lè dárúkọ méje tàbí mẹ́jọ kí n fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjá, ṣùgbọ́n n kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé kan ni mo fẹ́ mú yín wọ̀ lónìí, nítorí pé nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo wò ó, n kò sì rí i, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní ìlú náà láì mọ ohun tó fò mí dá.

Gbàgede kan wà ní àárín gbùngbùn Berlin, olú-ìlú Jámánì, tí wọ́n ń pè ní Gendarmenmarkt. Ilé mẹ́ta ló gba ojú gbogbo ẹni tó bá débẹ̀. Èyí tó wà láàárín ni gbọ̀ngàn orin ńlá kan tí Karl Friedrich Schinkel yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ fún eré orí ìtàgé, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì parí ní 1821. Ilé gogoro méjì tó jọ ara wọn bí ìbejì dúró sí apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀. Òrùlé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí rìbìtì bí igbá tí a dojú dé, ère aláwọ̀ wúrà sì dúró téńté sórí rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì, ọ́fíìsì, ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà olówó ńlá ló yí gbàgede náà ká, àwọn arìnrìn-àjò sì máa ń kún ibẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Èmi náà dúró láàárín wọn, mo gbé fóònù mi sókè, mo ya àwòrán ilé gogoro tó wà ní apá àríwá, tí wọ́n ń pè ní Französischer Dom, mo sì sọ fún ara mi pé mo ti rí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Faransé. N kò tíì rí i.

Orúkọ náà ló máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Lédè Jámánì, kàtídírà ni wọ́n sábà máa ń pè ní Dom, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ Französischer Dom yóò rò pé kàtídírà Faransé ni wọ́n ń wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí òrùlé rìbìtì ni orúkọ yìí ti wá. Ilé gogoro náà kì í ṣe kàtídírà, kì í tilẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀ṣì rárá; ohun ẹ̀ṣọ́ ni, tí ọba fi dá gbàgede rẹ̀ lọ́lá. Ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni ilé rírẹlẹ̀ tó fara tì í, tí òrùlé rẹ̀ kò ga, tí àwọn arìnrìn-àjò ń rìn kọjá lẹ́bàá ògiri rẹ̀ láì gbójú sókè. Französische Friedrichstadtkirche ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1705 ni wọ́n yà á sí mímọ́, ó sì fi márùndínlọ́gọ́rin ọdún dàgbà ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé gogoro yẹn lọ.

Kí a tó wọlé, ó yẹ kí a mọ ibi tí àwọn tó kọ́ ọ ti wá.

Ní 1598, Ọba Henry Kẹrin ti ilẹ̀ Faransé gbé àṣẹ kan jáde ní ìlú Nantes, èyí tó fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ náà, àwọn tí a mọ̀ sí Huguenot, láyè láti sin Ọlọ́run ní ìlànà tiwọn láàárín orílẹ̀-èdè tí ọba àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ìlú jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà. Àyè náà ní ààlà. Wọn kò gbọdọ̀ ní ilé ìsìn nínú Paris. Nítorí náà, láti 1606, abúlé Charenton tó wà lẹ́yìn odi ìlú ni àwọn Huguenot Paris ti ń lọ jọ́sìn. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Seine ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á sì máa kọ orin Sáàmù lọ lójú ọ̀nà. Àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé ìsìn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1621. Salomon de Brosse, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán ilé tó lókìkí jù lọ nígbà náà, ló yàwòrán èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 1623: ilé gbọọrọ onígun mẹ́rin, tó ní àjà ìjókòó yíká ògiri rẹ̀ nínú, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè jókòó sí, tí gbogbo wọn yóò sì máa gbọ́ ohùn oníwàásù. Ohun tó mú kí wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni pé lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Calvin, olùkọ́ ìsìn tí àwọn Huguenot ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀, Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìsìn, etí ni a sì fi ń gba ọ̀rọ̀.

Ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1685, Ọba Louis Kẹrìnlá fagi lé àṣẹ Nantes. Ó pàṣẹ kí wọ́n wó gbogbo ilé ìsìn àwọn Huguenot. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Charenton ti di òkìtì òkúta. Ó fún àwọn àlùfáà wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ka àtilọ léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ. Ọkùnrin tí wọ́n bá mú lójú ọ̀nà yóò di ẹrú atukọ̀ nínú ọkọ̀ ogun ọba, obìnrin yóò di èrò ẹ̀wọ̀n, ọmọ tí wọ́n bá sì bí láti ìgbà náà lọ, Ìjọ Àgùdà ni yóò ṣe ìrìbọmi fún un. Síbẹ̀, nǹkan bí 200,000 ènìyàn sá. Wọ́n gba orí òkè àti inú igbó, wọ́n sá pamọ́ sínú ọkọ̀ òkun, wọ́n fi ilé, oko àti ọ̀nà sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí iye náà kọjá létí yín bí ẹni ń ka ìwé ìṣirò.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Friedrich Wilhelm, aláṣẹ Brandenburg, ìyẹn ilẹ̀ Jámánì tí Berlin wà nínú rẹ̀, fi gbé àṣẹ tirẹ̀ jáde ní Potsdam, tó fi ké sí àwọn asásàálà yìí pé kí wọ́n máa bọ̀. Ó ṣètò ọkọ̀ fún wọn, ó dá owó orí wọn sí fún ọdún bíi mélòó kan, ó ṣèlérí igi àti ohun èlò ìkọ́lé fún ẹni tó bá tún ilé ahoro kọ́, ó gbà kí wọ́n ní adájọ́ tiwọn, ó sì gbà kí àlùfáà máa wàásù fún wọn lédè Faransé. Àánú wà nínú rẹ̀, nítorí ọmọ ẹ̀yìn Calvin ni òun náà. Ṣùgbọ́n èrò ọgbọ́n náà wà níbẹ̀. Ogun ọgbọ̀n ọdún tó parí ní 1648 ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ahoro, ó ń wá ènìyàn, ó sì ń wá oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn Huguenot mọ iṣẹ́ sílíìkì, irun àgùntàn, fìlà, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀, aago àti wúrà. Nǹkan bí 20,000 wọn ló wá sí ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 1700, bí ènìyàn márùn-ún bá ń lọ ní òpópónà Berlin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ará Faransé.

Ẹnì kan bi mí léèrè nígbà kan bóyá inú àwọn onílé dùn sí wọn. Inú gbogbo wọn kò dùn. Ìlànà Martin Luther ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Berlin ń tẹ̀ lé, wọn kò sì fẹ́ràn ìlànà Calvin. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ rí i pé àwọn àlejò tí kò san owó orí ti ń bá wọn du ọjà. Àlejò tí ọba bá gbé gẹṣin, onílé a máa wò ó kọ̀rọ̀. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn ìwé fún arìnrìn-àjò fẹ́ràn láti sọ ìtàn náà bí ẹni pé ìlú tú yááyáá jáde láti fi ìlù àti ijó pàdé wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ilé náà wàyí. Friedrichstadt ni àdúgbò tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn odi Berlin láti 1688, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Huguenot sì tẹ̀dó sí. Ní 1701, ọdún tí ọmọ Friedrich Wilhelm dé adé tó sì di Friedrich Kìíní, ọba Prussia, ìjọba tí Brandenburg di apá kan rẹ̀, ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lélẹ̀. Louis Cayart, ògbóǹtarìgì nínú kíkọ́ odi ogun, tó jẹ́ Huguenot bíi tiwọn, ló yàwòrán rẹ̀. Abraham Quesnay ló parí iṣẹ́ náà. Àwòrán ilé wo ni Cayart wá tẹ̀ lé? Ti Charenton ni.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí òun gan-an ló mú mi wá bá yín sọ̀rọ̀. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti wó Charenton. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ilé náà wó kò tíì pé ogójì nígbà tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ èyí lélẹ̀ ní Berlin. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti fi ẹsẹ̀ tẹ Charenton rí, nítorí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Metz àti láti àwọn agbègbè mìíràn tó jìnnà sí Paris. Ṣùgbọ́n kò sí Huguenot tí kò mọ orúkọ ibẹ̀ àti ohun tí ojú ibẹ̀ rí. Wọn kò lè gbé òkúta kan ṣoṣo láti ibẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n gbé wá ni bí ilé ṣe yẹ kó rí: ibi tí oníwàásù ń dúró, bí àjà ìjókòó ṣe ń yí ìjọ ká, bí ohùn ṣe ń lọ láti ìgun kan dé èkejì. Ọba Faransé wó ilé náà láti pa á rẹ́ kúrò lórí ilẹ̀, àwọn tó lé jáde sì tún un kọ́ sórí ilẹ̀ ọba mìíràn. Ó kéré sí ti Charenton, òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀, kò sì ní ẹ̀ṣọ́ kankan tó lè mú ẹni tó ń kọjá dúró, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí ilé lórí gbàgede yẹn tó ní ìgboyà tó èyí.

Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ère ẹni mímọ́, kò sí pẹpẹ tí a fi wúrà bò. Tábìlì ni wọ́n gbé oúnjẹ Olúwa lé. Àga ìwàásù ni ojú gbogbo ènìyàn kọ sí, àjà ìjókòó sì yí gbogbo inú ilé náà ká bí ọwọ́ ìyá tó gbá ọmọ mọ́ra. Ìgbà tí mo jókòó sí ìsàlẹ̀, ó ṣe mí bíi pé gbogbo àwọn tó wà lókè ń gbọ́ mímí mi. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ ó rí ló ti wà láti 1705, nítorí wọ́n tún ojú àti inú ilé náà ṣe lọ́nà tó túbọ̀ kún fún ọnà ní 1905, ogun sì tún dé lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bí n óò ti sọ. Síbẹ̀ ètò ilé gbọọrọ tí a kọ́ fún etí ṣì hàn kedere.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà fara da nǹkan púpọ̀ lórí gbàgede yẹn. Láti 1736 di 1773, ibùso ẹṣin àwọn ọmọ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Gens d'armes ló yí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ká, àti ti àwọn ará Jámánì tó kọjú sí i. Láti ara orúkọ àwọn ọmọ ogun yìí ni gbàgede náà ti gba orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní. Ẹ wo bó ṣe rí fún ẹni tó ń fetí sí ìwàásù, tí ẹṣin ń sín lẹ́yìn ògiri.

Lẹ́yìn tí wọ́n kó ẹṣin kúrò ni Ọba Friedrich Kejì pinnu láti sọ gbàgede náà di ẹlẹ́wà. Ọba yìí mọ àwọn Huguenot dáadáa, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ló ti rí obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà àti olùkọ́ rẹ̀, èdè Faransé ló sì fẹ́ràn jù láti sọ àti láti kọ. Láti 1780 di 1785, ó kọ́ ilé gogoro kan mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Faransé àti òmíràn mọ́ ti Jámánì. Iṣẹ́ náà kò lọ geere: ti apá Jámánì wó lulẹ̀ ní 1781 nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, wọ́n sì ní láti tún un bẹ̀rẹ̀. Carl von Gontard ló yàwòrán méjèèjì, ìdílé Huguenot ni òun náà sì ti wá. Daniel Chodowiecki, ayàwòrán tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọ Faransé ní Berlin, ṣe lára àwọn àwòrán tí wọ́n tẹ̀ lé láti gbẹ́ àwọn ère tó wà lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbolohùn tó kẹ́yìn yẹn rò. Ìjọ tí kì í gba ère láyè nínú ilé ìsìn rẹ̀ wá di ìjọ tí ilé gogoro tó kún fún ère láti ìsàlẹ̀ dé òkè dúró tì. Àwọn kan sọ pé èyí fi hàn pé àwọn ọmọ ọmọ asásàálà ti gbàgbé ìlànà baba wọn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ti wọ inú ìlú náà débi pé àwọn ni ọba ń gbé iṣẹ́ ńlá fún, síbẹ̀ wọn kò gba ère kan wọlé. Ìta ni ti ọba, inú ni tiwọn.

Bí wọ́n ṣe ń wọ inú ìlú sí i náà ni èdè wọn ń fà sẹ́yìn. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn ní 1689 ṣì wà ní Berlin títí di òní, ṣùgbọ́n ní 1809 ìjọba Prussia fòpin sí ètò tó mú kí wọ́n ní adájọ́ àti àkóso ọ̀tọ̀, wọ́n sì di ará ìlú bíi gbogbo ènìyàn. Díẹ̀díẹ̀, èdè Jámánì wọ inú ìsìn náà. Orúkọ ìdílé ló kù fún ẹlòmíràn. Theodor Fontane, tí gbogbo ọmọ ilé ìwé Jámánì mọ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ńlá, ọmọ àwọn Huguenot ni, itẹ́ òkú àwọn ará Faransé ní Berlin sì ni wọ́n sin ín sí.

Ní 1944, bọ́ǹbù dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì náà àti ilé gogoro rẹ̀. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n pín ìlú náà, apá ìlà-oòrùn ni gbàgede náà bọ́ sí, ó sì wà bí ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni iṣẹ́ àtúnkọ́ bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìjọba tí kò ka ẹ̀sìn sí, wọ́n sì tún ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1983. Ilé gogoro parí ní 1987, wọ́n sì so ọgọ́ta agogo mọ́ ọn. Ẹ ó rí i pé ilé tí a kọ́ láti fi rántí ilé tó wó ti wó fúnra rẹ̀, a sì tún ti ipa ìrántí kọ́ ọ. Nígbà tí mo mọ èyí ni mo pa dà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kì í ṣe gbogbo ilé àwọn Huguenot ló wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ọ títí di òní. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní òpópónà Brick Lane, àwọn Huguenot kọ́ ilé ìsìn kan ní 1743. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn ti fọ́nká, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gbà á ní 1819. Àwọn Júù tó sá wá láti ìlà-oòrùn Yúróòpù sọ ọ́ di sínágọ́gù ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún náà. Láti 1976, mọ́sáláṣí àwọn ará Bangladesh ni. Aago oòrùn kan ṣì wà lára ògiri rẹ̀ láti 1743, tí a kọ ọ̀rọ̀ Látìnì sí pé òjìji ni wá. Àwọn kan fẹ́ràn ti Lọ́ńdọ̀nù jù nítorí pé ilé kan náà gba àlejò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn àwọn tó kọ́ ọ. Èmi kò lè yan ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti Berlin ló ń pè mí, nítorí pé àwọn tó ni ilé ṣì wà nínú ilé.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ, ẹ má ṣe lọ ní ọ̀sán ọjọ́ tí èrò pọ̀ kí ẹ kàn yọjú wo inú ilé kí ẹ sì jáde. Ẹ kọ́kọ́ wọ ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Huguenot tó wà nínú ilé gogoro náà. Ọdún 1935 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tó pé 250 ọdún tí àṣẹ Potsdam jáde. Ẹ ó rí Bíbélì, ìwé Sáàmù àti àwọn ìwé àṣẹ níbẹ̀, ẹ ó sì mọ ohun tí asásàálà máa ń dì mọ́ra nígbà tí kò lè gbé ẹrù púpọ̀. Ẹ gun òkè bí ẹsẹ̀ yín bá gbà á, kí ẹ lè rí bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà ti kéré tó láti òkè. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ní ọjọ́ ìsinmi, nítorí ìsìn ṣì ń wáyé níbẹ̀ lédè Jámánì àti lédè Faransé.

Ti Faransé ni mo lọ. Àwa tí a jókòó kò pọ̀, mo sì wà ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ àjà ìjókòó. Oníwàásù ka ìwé, a dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kan tí n kò mọ orin rẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin tó dúró tì mí rí i pé n kò mọ ibi tí a wà, ó sì fi ìka tọ́ ọ sí mi nínú ìwé tirẹ̀. Ẹnì kan wọlé nígbà náà, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. A ń gbọ́ ohùn afinimọ̀nà kan lórí gbàgede, tó ń sọ bí ilé gogoro náà ti ga tó fún àwọn tó kó lẹ́yìn, kí ilẹ̀kùn tó pa dé.